Ayọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ àìsàn àbúrò mi. Ṣé irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n_Àgbà kọ pé:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ibí. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á délẹ̀.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àbúrò mi ọkùnrin. Kò tó oṣù méjì tó fi rù hangogo, kò fẹ́ dìde lórí ibùsùn mọ́. Mo wọ balùwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì tó fi ń fọ eyín, ó gbẹ. Lọ́jọ́ kejì, ó gbẹ. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbẹ. Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Dókítà ní ìsoríkọ́ ni, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ara rẹ̀ bọ̀ sípò. Ìyẹn yé gbogbo wa. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á ronú.

Èyí tí kò yé mi ni ti ọdún yìí. Ìdánwò kan wà tó ti ń lé láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ṣe é, ó yege, wọ́n sì fún un ní ipò tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Inú wa dùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, oorun dá lójú rẹ̀. Mo jí ní aago mẹ́ta òru, mo bá a nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ti tú rédíò palẹ̀, tó to gbogbo ẹ̀yà inú rẹ̀ ní ìlà ìlà, èyí tó kéré jù níwájú. Ó ní òun fẹ́ ṣe irú rẹ̀ tí ayé ò tíì rí. Ojú rẹ̀ ń dán. Ọ̀rọ̀ ń tì ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní látìgbà tí wọ́n ti bí òun, ara òun ò dá tó báyìí rí. Kó tó di ọjọ́ kẹwàá, ó ti ná gbogbo owó tó fi pamọ́, ó ti bá ọ̀gá rẹ̀ tuntun jà, a sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ní bipolar ni, àìsàn tó ń gbé èèyàn láti inú ìsoríkọ́ lọ sínú ara yíyá tó kọjá ààlà, pé ara yíyá tó gbé e lọ́tẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní mania.

Ara rẹ̀ ti ń balẹ̀ báyìí, ó ti wà nílé. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé: ìbànújẹ́ dá àìsàn sílẹ̀, ó yé mi. Báwo ni ayọ̀ ṣe wá ń dá a sílẹ̀? Àbí a ti ṣe nǹkan kan tí kò yẹ ká ṣe?

Ọ̀rẹ́_Ìwé kọ pé:

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú àìsùn. Ẹ ò ṣe ohun tí kò dáa kankan.

Ìbéèrè yín bọ́gbọ́n mu, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá náà ti bi í. Lọ́dún 2000, Sheri Johnson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó ní bipolar. Wọ́n ń tẹ̀ lé wọn fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn sílẹ̀, wọ́n sì ń wo bí ara wọn ṣe ń rí lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ọwọ́ ẹni náà bá tẹ ohun tó ti ń lé, àmì mania máa ń pọ̀ sí i lẹ́yìn náà. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe gbogbo ohun ayọ̀. Ayọ̀ lásán, bíi kí ọ̀rẹ́ bẹ ènìyàn wò, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí èèyàn lé tọ́wọ́ rẹ̀ sì bà ni.

Bí mo ṣe lóye rẹ̀ rèé. Nǹkan kan wà nínú ọkàn gbogbo èèyàn tó ń sọ fún wa pé "sáré, mú un." Òun ló ń jẹ́ ká dìde ṣiṣẹ́. Bí ọwọ́ wa bá ti tẹ nǹkan náà, nǹkan mìíràn á sọ pé "ó tó, lọ sinmi." Lọ́dọ̀ ẹni tó ní bipolar, ohùn àkọ́kọ́ yẹn lágbára ju tiwa lọ, ti èkejì kì í sì í tètè dún. Bó ṣe yege, dípò "ó tó," ohun tó ń gbọ́ ni "ó kù." Ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ nínú ara rẹ̀ ga sí i, ó gbé àfojúsùn tó tóbi jù ú lọ kalẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ wọ òru, oorun dínkù, àìsùn náà á sì tún koná mọ́ ọn. Rédíò tí ẹ rí nílẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn, orí ìdánwò tó yege ló ti bẹ̀rẹ̀.

Sojú_Abẹ kọ pé:

Mo ka ọ̀rọ̀ yín tán, mo sì bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sojú abẹ níkòó. Àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ ni. Bàbá mi ní in, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní in. Ọ̀rọ̀ "ohun tó ń rò" àti "ohun tó ń lé" yìí ló jẹ́ kí àwọn ìbátan wa fi ogún ọdún sọ fún bàbá mi pé kó mọ́kàn le. Wọ́n ní ìrònú ló pọ̀ jù. Oògùn ló gbé e dìde, kì í ṣe ìmọ̀ràn. Bí a bá tún gbé e padà sínú ọkàn, ẹni tó ń ṣàìsàn la tún fẹ́ dá lẹ́bi.

Àǹtí_Nọ́ọ̀sì kọ pé:

Sojú_Abẹ, ohun tó bí yín nínú yẹ kó bí èèyàn nínú. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mo ń rí lẹ́nu iṣẹ́ kún un.

Òótọ́ ni pé ó ń tinú ìran wá. Ìwádìí lórí àwọn ìbejì fi hàn pé àjogúnbá ló ń kó ipa tó pọ̀ jù nínú bipolar, nǹkan bí ìdá 60 sí 85 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti ìsoríkọ́ tó dá dúró kò tó ìdá 40. Lithium, oògùn tí John Cade kọ̀wé ní Ọsirélíà lọ́dún 1949 pé ó ń wo mania, àwa ṣì ń lò ó dòní, ó sì ń gba ẹ̀mí là. Kí ẹnikẹ́ni má torí ọ̀rọ̀ ìrònú pa oògùn tì.

Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kò sọ ọjọ́ tí yóò dé. Ìbejì ajọra méjì lè wà, kó mú ọ̀kan kó má mú èkejì. Ohun tó ń dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ tó dá a sílẹ̀, tó sì ń mú kó pẹ́ tàbí kó padà wá, ibẹ̀ ni ọkàn àti ìgbé ayé ti ń kópa. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń dùn, a máa ń sọ fún un pé kó yẹra fún èéfín, a ò sì sọ pé òun ló fi àyà ara rẹ̀ ṣeré.

Ọ̀kan tí mi ò ní í dákẹ́ lórí rẹ̀ ni oorun. Lọ́dún 1987, Thomas Wehr àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀nà púpọ̀ ló lè gbé èèyàn dé inú mania (ọ̀fọ̀, ìrìn àjò, ọmọ tuntun, ayọ̀, oògùn), ṣùgbọ́n ó jọ pé gbogbo wọn pàdé lójú ibì kan náà: àìsùn. Mo ti rí i ní àìmọye ìgbà. Òru kan péré tí wọ́n fi ṣe àìsùn, kó tó di ọjọ́ kẹta ọ̀rọ̀ ti yí.

Ẹ̀gbọ́n, ohun kan tún wà. Oògùn tí wọ́n fi tọ́jú ìsoríkọ́ rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, bí wọ́n bá lò ó nìkan fún ẹni tó ní bipolar, ó lè tì í sínú mania. Ẹ rí i dájú pé dókítà rẹ̀ mọ ìtàn méjèèjì.

Ọ̀dá_Àti_Òjò kọ pé:

Èmi gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Ó di ọdún 11 tí mo ti ń bá a gbé. Mi ò sábà kọ nǹkan síbí, ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì tó gbẹ yẹn wọ̀ mí lára.

Tèmi, ife omi ni. Mo bu omi, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wà níbẹ̀ tí eruku fi bo ojú rẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ mí, mo ń wò ó, ohun tí ọkàn mi sì ń sọ ni pé: "Ìwọ tó ò lè gbé ife, kí lo wá fẹ́ gbé láyé? Bó o ṣe rí láti kékeré nìyí. Bẹ́ẹ̀ náà lo sì máa rí." Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ló sọ ọ́. Láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni. Mo rò pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo ń gbọ́, mi ò mọ̀ pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀.

Mania yàtọ̀. Kì í wá bí àìsàn. Ó máa ń wá bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú mi sílẹ̀ lẹ́wọ̀n ni. Ìrònú kan kò tíì jáde tán tí òmíràn ti wọlé, gbogbo rẹ̀ sì ń dùn. Ta ló máa ń gbé ara tó dá ṣáṣá lọ sọ́dọ̀ dókítà? Ìdí nìyẹn tí a fi ń bá yín jà bí ẹ bá ní ká wá. Ẹ̀yin ń rí iná. Àwa, ooru rẹ̀ nìkan la ń gbádùn.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìtìjú á dé. Gbèsè, ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí èèyàn, ìpè tí mo pè ní òru. Orí ìtìjú yẹn ni ìsoríkọ́ tó kàn máa ń jókòó sí. Ohun tó sì dùn mí jù, tí mi ò tíì rí ẹni bá sọ, ni pé mo ti wá ń bẹ̀rù ayọ̀. Bí mo bá rẹ́rìn-ín jù, mo máa ń dákẹ́ kí n yẹ ara mi wò. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe jẹ́ kí àbúrò yín rò pé yíyege rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ bá a yọ̀. Ẹ sáà jẹ́ kó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀rẹ́_Ìwé kọ pé:

Àǹtí Ọ̀dá, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mú gbólóhùn tí ẹ gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife yẹn, torí gbogbo ohun tí àwọn onímọ̀ fi ọdún púpọ̀ wá kiri wà nínú rẹ̀.

"Ìwọ tó ò lè gbé ife": ẹ̀bi náà bọ́ sórí yín. "Kí lo fẹ́ gbé láyé": láti orí ife kan, ó ti kan gbogbo nǹkan. "Bẹ́ẹ̀ náà lo sì máa rí": kò ní í tán. Lọ́dún 1978, Lyn Abramson, Martin Seligman àti John Teasdale kọ̀wé pé irú àlàyé mẹ́ta yìí, pé èmi ni, pé títí lọ ni, pé ibi gbogbo ni, ló ń sọ ìjákulẹ̀ kan ṣoṣo di ìsoríkọ́. Ẹni méjì lè pàdánù iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀kan á ní ilé iṣẹ́ yẹn ni kò rọgbọ. Èkejì á ní òun ni kò wúlò. Àdánù kan náà ni, ohun tí kálukú fi sọ ara rẹ̀ ló yàtọ̀. Ṣáájú wọn, Aaron Beck ti rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú láàárín ọdún 1960 sí 1969 pé èrò àwọn tó sorí kọ́ máa ń dúdú ní ìhà mẹ́ta: nípa ara wọn, nípa ayé, nípa ọjọ́ iwájú. Orí èyí ló gbé ìtọ́jú tó dá sílẹ̀ lé, níbi tí wọ́n ti máa ń kọ́ èèyàn láti bi irú ohùn yẹn ní ìbéèrè, kó má kàn gbà á gbọ́.

Ibi tí àlàyé Seligman ti bẹ̀rẹ̀ bani nínú jẹ́. Lọ́dún 1967, òun àti Steven Maier ń fi iná mànàmáná ta àwọn ajá. Àwọn kan lè fi orí ti nǹkan kí iná náà dúró. Àwọn kan kò lè ṣe nǹkan kan sí i. Nígbà tí wọ́n wá kó gbogbo wọn síbi tí wọ́n ti lè fò jáde, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò rí nǹkan ṣe tẹ́lẹ̀ dùbúlẹ̀, wọ́n ń jẹ ìyà náà. Wọ́n ní àwọn ajá náà ti kọ́ pé asán ni ìsapá. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2016, àwọn méjèèjì fúnra wọn kọ̀wé pé òdì ni àwọn gbé e tẹ́lẹ̀. Dídùbúlẹ̀ ni ohun tí ọpọlọ máa ń ṣe fúnra rẹ̀ bí ìyà bá pẹ́. Ohun tí ẹ̀dá ń kọ́ ni pé agbára wà lọ́wọ́ òun. Èyí wú mi lórí, torí ó túmọ̀ sí pé ẹni tó dùbúlẹ̀ kò fọwọ́ ara rẹ̀ yàn án. Kí a fún un ní ohun kékeré kan tí ọwọ́ rẹ̀ lè ká, kó rí i pé ó ká a.

Ìyókù ni àròtúnrò. Àwọn àgbà ní àròkàn ní í mú ẹkún àsun-ùn-dákẹ́ wá. Susan Nolen-Hoeksema fi ìwádìí rí ohun tó jọ ọ́. Ó ti bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kalifóníà léèrè bí wọ́n ṣe máa ń ṣe bí inú wọn bá bàjẹ́. Ọjọ́ 14 lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹwàá ọdún 1989, ilẹ̀ mì tìtì níbẹ̀. Ó padà bá wọn. Àwọn tó ti máa ń jókòó ti ìbànújẹ́ wọn, tí wọ́n ń yí i síwá sẹ́yìn, ni ìsoríkọ́ mú jù, ó sì ṣì wà lára wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 7.

Ìyá_Mẹ́ta kọ pé:

Mo ń ka gbogbo rẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi. Ọmọ mi àkọ́kọ́ ni tèmi. Mo ti pariwo mọ́ ọn. Mo ti sọ fún un pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe dáadáa, kí ló ń ṣe òun. Mo rò pé mo ń jí i lójú oorun ni. Ṣé èmi ni mo dá a sílẹ̀?

Àǹtí_Nọ́ọ̀sì kọ pé:

Ìyá wa, ẹ nu ojú yín. Ẹ̀yin kọ́ lẹ dá a sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ń pariwo tí nǹkan kan kò ṣe ọmọ wọn.

Ṣùgbọ́n n kò ní í tàn yín. Ọ̀rọ̀ tó ń ṣẹ́ èèyàn lápá nínú ilé ń mú kí àìsàn yìí tètè padà. David Miklowitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé àwọn tó ní bipolar, bí wọ́n bá ti ilé ìwòsàn padà sí ilé tí àríwísí ti pọ̀, tàbí tí wọ́n ti ń ṣọ́ wọn tọwọ́tẹsẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, àìsàn wọn máa ń yára bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi ẹbí jókòó pa pọ̀ nínú ìtọ́jú. Wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀: dípò "o ò fẹ́ dìde," kí wọ́n sọ pé "mo rí i pé ó ṣòro láti dìde lónìí, ṣé ká jọ jókòó sí ìta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá?" Ó jọ nǹkan kékeré. Kì í ṣe nǹkan kékeré rárá.

Lọ́dún 1978, George Brown àti Tirril Harris tẹ ìwádìí wọn jáde lórí àwọn obìnrin ní Camberwell, Lọ́ńdọ̀nù. Obìnrin tí àjálù bá, tí kò sì ní ẹnìkan tó lè tú inú rẹ̀ fún, ló máa ń tètè sorí kọ́ jù. Ẹnìkan péré. Ẹ̀yin lè jẹ́ ẹni yẹn fún un láti òní lọ.

Ẹ sì bi í léèrè bóyá ó ti ń ronú láti pa ara rẹ̀. Ẹ bi í bẹ́ẹ̀, ní gbangba. Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn, ó sábà máa ń tú u sílẹ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Aláròjinlẹ̀ kọ pé:

Mo rí i pé ẹ ò tíì mẹ́nu ba àwọn ará àtijọ́ nínú ìmọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá. Sigmund Freud kọ̀wé lọ́dún 1917 pé ìsoríkọ́ jọ ọ̀fọ̀, àyàfi pé ẹni tó sorí kọ́ kò mọ ohun tó sọnù gan-an, ìbínú tó yẹ kó bá ẹni tó lọ ló wá yí padà sí ara rẹ̀. Melanie Klein tún sọ lọ́dún 1935 pé mania ni ọkàn fi ń sá fún ìbànújẹ́ náà, pé ẹni tó ń fò sókè ń sá fún ohun tó wà nísàlẹ̀. Ṣé ẹ ò rò pé àbúrò ẹ̀gbọ́n ṣì ń sunkún iṣẹ́ tó bọ́ nígbà náà?

Ọ̀dá_Àti_Òjò kọ pé:

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ ràn wá lọ́wọ́. Lọ́dọ̀ tèmi, ìgbà míì ó rí bẹ́ẹ̀, ìgbà míì kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi pé mo ń sáré kiri ilé, mo ń tún gbogbo nǹkan tò, omi sì ń bọ́ lójú mi nígbà kan náà. Méjèèjì jọ wà nínú mi. Àmọ́ ó tún ti ṣẹlẹ̀ pé kò sí ìbànújẹ́ kankan níbẹ̀, oorun ló sá lọ. Bí ẹnìkan bá ti ń fi dandan wá ohun tí mo ń sá fún, mo máa ń rò pé ojú ìwé rẹ̀ ló ń wò, kì í ṣe ojú mi.

Àǹtí_Nọ́ọ̀sì kọ pé:

Ìgbà tí méjèèjì bá jọ dé bẹ́ẹ̀ ló léwu jù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú èèyàn nílé. Ìbànújẹ́ wà, agbára láti ṣe nǹkan sí i náà wà. Ẹ má dúró di ọ̀la.

Sojú_Abẹ kọ pé:

Mo tún padà kà á. Mo gbà pé ohun méjì ni mo pa pọ̀: kí a sọ pé ọkàn ń kópa, àti kí a dá ẹni tó ń ṣàìsàn lẹ́bi. Ohun tí àwọn ìbátan wa ń ṣe fún bàbá mi ni èkejì. Bàbá mi máa ń sùn ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ láìyẹ̀, títí dòní, kì í sì í lọ sí àríyá òru. A rò pé ọjọ́ ogbó ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i pé òun fúnra rẹ̀ ló ti mọ̀ ọ́n, kó tó di pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Ọ̀rẹ́_Ìwé kọ pé:

Bàbá yín ti ṣe ohun tí Ellen Frank àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ di ìtọ́jú, tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2005: kí aago jíjí, aago oúnjẹ, aago ìpàdé èèyàn àti aago oorun má yẹ̀. Àwọn tó gba ìtọ́jú náà nígbà tí àìsàn ṣì wà lára wọn pẹ́ kí òmíràn tó gbé wọn. Ẹ bá mi kí bàbá.

Ẹ̀gbọ́n_Àgbà kọ pé:

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sí àbúrò mi létí lálẹ́ àná, a jọ jókòó. Nígbà tí mo dé ibi ife omi, ó ní kí n tún un kà.

A mú ìwé, a fẹ́ kọ àwọn àmì tí a ó fi tètè mọ̀ bí mania bá tún ń bọ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ kọ: bí kò bá sùn tó wákàtí márùn-ún ní òru méjì léra, ká pe dókítà. Ó gbà. Mo kọ: bó bá ń náwó láìbéèrè. Ó gbà, ó ní kí káàdì báǹkì òun máa wà lọ́wọ́ mi nírú ìgbà bẹ́ẹ̀. Mo wá kọ: bó bá ń sọ̀rọ̀ jù. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó pa á rẹ́. Ó ní bí ẹ bá ti sọ fún òun pé òun ń sọ̀rọ̀ jù, inú á bí òun, òun ò sì ní í gbà. Ó kọ tirẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀: "Bí gbogbo èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra lójú mi."

Ó ní òun lè mọ ìyẹn fúnra òun. Mi ò ní í ronú kan irú ẹ̀ láéláé. A ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, lápá inú, níbi tó jẹ́ pé òun nìkan ló máa ń rí i.